Devsara, Ìwọ Tó Mọ Iná Pín

Devsara, aya mi, ìyá Junkiri, ọdún mẹ́rin rèé tí o fi Jumla, agbègbè wa lórí òkè, sílẹ̀ fún wa. Ápù so, a ká a, yìnyín bo igi rẹ̀, ó tún rúwé. Ìwọ nìkan ni kò padà.

Ọmọ rẹ ti di ìyá! Ó bí obìnrin nínú òtútù ọdún yìí, ní ilé ìgbẹ̀bí abúlé wa.

O rántí bí bátìrì sólà ibẹ̀ ṣe máa ń tan àwọn nọ́ọ̀sì jẹ? Mítà rẹ̀ á ní ó kún, iná á sì kú lójijì. Ọjọ́ tí ó kú nígbà tí orí ọmọ kan ti yọ, ẹkún ni nọ́ọ̀sì Bishnukala sun wọ ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò wa, ó sọ fún ọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣe mítà tó máa sọ òótọ́."

Bátìrì ń gbé fólítì bíi mẹ́rìnlá wá, ẹ̀rọ kékeré tí yóò kà á kò lè gbà ju mẹ́ta lọ. Rẹsísítọ̀ méjì, ègé kéékèèké tó ń dí iná lọ́nà, ni o fi pín in: ìpín mẹ́rin lókè, ìpín kan nísàlẹ̀, kí ẹ̀rọ máa ka ti ìsàlẹ̀. O kọ́kọ́ lo àwọn tó ń dí iná gan-an, kí bátìrì má baà ṣòfò. Iye tó jáde kéré sí òótọ́.

Mo ní, "Ó ti súnmọ́ ọn, jẹ́ kí wọ́n máa lò ó."

O wò mí tòkè-tilẹ̀. "Bàbá Junkiri, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń rọbí, ṣé 'ó ti súnmọ́ ọn' lẹ máa fẹ́ gbọ́? Ẹ̀rọ tó ń kà á ń mu nínú iná náà. Tí iná tó ń kọjá bá ti kéré jù, ohun tó mu á hàn."

O mú èyí tí kì í dí iná tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́wàá ni ìwọ̀n ti ìsàlẹ̀, ogójì ló yẹ lókè, ogójì kò sì sí lọ́jà. O so oníwọ̀n mọ́kàndínlógójì mọ́ oníwọ̀n kan. Irú kan náà ni o ṣà, kí òtútù lè mú gbogbo wọn bákan náà. Láti ọjọ́ náà, mítà ilé ìgbẹ̀bí kò purọ́ mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn ẹ̀dọ̀ dá ọ dùbúlẹ̀. Òjò gé ọ̀nà, bàálù tó yẹ kó gbé ọ lọ sílé ìwòsàn kò lè balẹ̀. Ọwọ́ mi lo kú sí.

Ọjọ́ tí Junkiri ń rọbí, mítà rẹ fi hàn pé bátìrì ti ń lọ sílẹ̀. Bishnukala kígbe, "Ẹ gbé ti ṣọ́ọ̀bù wá, kíá!" Mo gbé e pọ̀n, mo sáré nínú yìnyín. Nígbà tí ọmọ ké, iná ń tàn. Mo yíjú láti pè ọ́. Áà, Devsara, mo yíjú láti pè ọ́!

Ṣọ́ọ̀bù ṣì ń ṣí. Ọmọ-ọmọ rẹ ti ń rákò, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá wọlé. O ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ ọ́. Èyí ló dùn mí jù.

A fẹ́ràn rẹ. Àárò rẹ ń sọ mí, aya mi, ó ń sọ mí lónìí bí ẹni pé àná lo lọ.