Ebè Tí Ẹnikẹ́ni Nínú Wa Kò Kọ

Ahoyéyé, ní Pobè,
Ọjọ́ keje, oṣù karùn-ún.

Gédéon, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí ìwé yìí bá ọ láyọ̀ àti àlàáfíà, ìwọ, Ornella ìyàwó rẹ, àti gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbélé ní Kútọnu. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń wú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti orí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Léonce kú, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ olóògbé, ọlọ́wọ́ òsì yẹn. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe àáró lọ́dún yìí: òun, Alphonse, Béatrice, Brice àti èmi. Oko rẹ̀ la kọ́kọ́ lọ. A kọ ebè fún un láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó sì fi ẹ̀wà àti gaàrí bọ́ wa yó. Òun náà bá wa ṣe ti Brice àti ti Béatrice. Ó wá ku tèmi àti ti Alphonse, ni ibà bá gbé e lọ.

Josiane ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ní, "Ìyá Gédéon, ọjọ́ tí ọkọ mi jẹ yín wà nílẹ̀. Èmi ni n ó wá dípò rẹ̀." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó lọ jókòó, pé mo ti fi jì í. Kò dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni oko mi kàn. Àwa mẹ́rin la lọ, oníkálukú sì mú ìlà ebè tirẹ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́, ẹyẹ ò ké. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ láti jẹun. Béatrice ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní, "Ọkọ́ mélòó lẹ ti ń gbọ́ láti àárọ̀?" Brice ní mẹ́rin ni. Béatrice mi orí. Ìgbà yẹn làwa náà gbọ́ ọ. Ọkọ́ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa, síbẹ̀ ọkọ́ kan ń dún lóko.

Alphonse ló kọ́kọ́ dìde, a tẹ̀ lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tirẹ̀, ìlà karùn-ún wà níbẹ̀, ebè mọ́kànlá. Erùpẹ̀ rẹ̀ tutù bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó yí i ká gbẹ. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan. Àpá ọkọ́ ibẹ̀, ti ọlọ́wọ́ òsì ni. Ebè kejìlá kò tíì ju ààbọ̀ lọ. Bí a ti dúró tì í, erùpẹ̀ ń ṣí kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń gorí ara rẹ̀.

Brice sá lọ. Èmi ò lè sáré. Mo gbé oúnjẹ tèmi sí ìdí ebè náà, torí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún mi gbọ́dọ̀ jẹun. Mo ní, "Léonce, mo ti fi jì ọ́." Ọkọ́ náà tún dún. Alphonse fà mí lápá: "Ìyá Gédéon, ta ló ní kẹ́ ẹ fi jì í? Ṣé ọ̀lẹ lẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè é ni?"

A lọ pe Josiane. Ó ti gbé ọkọ́ ọkọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dé oko, ó pe ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Martial, ó tó. Mo ti dé." Oko dákẹ́ rọ́rọ́. Ó parí ebè kejìlá, ó kọ ìlà náà dé òpin, lẹ́yìn náà ló tó jókòó sílẹ̀ sunkún. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. A ò gbọ́ ìró kankan mọ́. Ó ní òun yóò wá sí ti Alphonse pẹ̀lú.

Gédéon, ọdún mẹ́ta lo ti ń fowó ránṣẹ́ kí n fi gba alágbàṣe. O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn tí mò ń gbà láti Issaba, bí wọ́n bá ti gbowó tán, èmi pẹ̀lú wọn parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Alphonse kò gbowó lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ló tẹ̀ lórí ebè mi. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni oko rẹ̀ kàn, orúnkún mi ò sì gbé mi mọ́. Má fowó ránṣẹ́. Wá.

Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ti ẹlòmíràn. Ìwọ ni wàá sin mí, èmi ò ní sin ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Geneviève.

Mo tún rántí: láàárọ̀ yìí ni mo lọ mú ọkọ́ bàbá rẹ lẹ́yìn àká, kí n bá ọ pọ́n ọn sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti lò ó. Erùpẹ̀ tutù wà lẹ́nu rẹ̀, bíi ti ebè Léonce.