Ohùn Mi Há Sínú Ẹ̀rọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Mo ti ṣe é. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ìjọba ní kí n má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn títí Dókítà Ẹ̀rọ á fi dé. Èmi ní ta ni kò mọ bọ́tìnì í tẹ̀.

(Ìjọba — ìyàwó mi. Látìgbà tó ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.)

Àwọn tó ni ètò tó ń gbẹnu mi sọ̀rọ̀ ló kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní láti ìparí oṣù yìí, iṣẹ́ àwọn kò ní rìn mọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá ti gbó. Kí n sọ ọ́ dọ̀tun. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ní kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀wù. Mo gba ètò tuntun sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ bọ́tìnì, mo jókòó, mò ń wo ìlà kékeré kan tó ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ó gùn dé ìdajì. Ó dúró. Ni ọ̀rọ̀ bá yọ lójú ẹ̀: fi sídíì ìpìlẹ̀ tó bá ẹ̀rọ yìí wá sínú rẹ̀.

Sídíì wo? Àlòkù ni mo rà. Wáyà kan àti eruku ló bá a wá.

Bọ́tìnì méjì ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà: Tẹ̀síwájú, Padà Sẹ́yìn. Mo tẹ tibí — sídíì. Mo tẹ tọ̀hún — sídíì. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, n kò tíì rí ọkọ̀ tí kò ní jíà iwájú tí kò sì ní rìfáàsì.

Ohùn mi sì wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Kò sí nǹkan míì láti ṣe ju kí n kọ ọ́.

Ohùn ni mo fi jẹun láyé mi. Olùkọ́ ìwakọ̀ tí kò lè pariwo "Bíréèkì!" kò yàtọ̀ sí òkú tó jókòó síwájú ọkọ̀. Jẹjẹrẹ ọ̀fun dé. Wọ́n là mí, wọ́n gé àpótí ohùn jù nù, wọ́n dá ihò kan sí mi lọ́rùn tí mo fi ń mí. Fèrèsé ni mo ń pè é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó là mí, obìnrin kan nílé ìwòsàn ti fi mí jókòó sídìí makirofóònù, mò ń sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn títí ẹnu fi ń ro mí. Látìgbà náà, bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sọ ọ́. Ohùn mi gan-an, tòun ti híhan inú ẹ̀.

Látàná, kẹ́kẹ́ pa.

Ìjọba pe Dókítà Ẹ̀rọ, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní òun ò sí nílé, Ọjọ́bọ̀ lòun ń bọ̀. Ó ní a kò gbọdọ̀ paná ẹ̀rọ náà o, nítorí ìdajì ọ̀nà ló wà. Bátìrì ẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ kọ wáyà yẹn, ó parí. Ni mo bá gbé àga tì í. Mò ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Oníbúrẹ́dì wọlé, ó ń pariwo mọ́ mi bí ẹni pé etí ni wọ́n gé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Dókítà Ẹ̀rọ dé. Ó wò ó. Ó fi ahọ́n ta ẹnu, "tsk", bí àwọn dókítà gidi ṣe máa ń ṣe. Inú mi bàjẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Kí a rí sídíì yẹn gan-an, kí ẹ̀rọ lè parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Tàbí kí a fọ inú ẹ̀ mọ́ pátápátá, kí a gbé ètò tuntun sí i bí ẹni tún ilé kọ́. Ìjọba bi í pé ohùn tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Màmá, bí a bá fọ ilé, a kì í fi ẹrù sílẹ̀ nínú ẹ̀."

Ìjọba ti pe ilé ìwòsàn kó tó dé. Obìnrin makirofóònù ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ tó lò, wọ́n ti dà á nù. Èyí tó wà nínú yàrá mi yìí nìkan ló kù láyé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ìjọba fi aládùúgbò ṣọ́ wáyà. Àwa méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì tí mo ti ra ẹ̀rọ náà. Akọ̀wé wọn mú wa lọ sí yàrá kan tí wọ́n ń kó ògbólógbòó nǹkan sí: àga tí kò lẹ́sẹ̀, fáànù tí kò lápá, páálí sídíì. Ìjọba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káṣọ sókè, ó ń ṣà á bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Akọ̀wé bi í pé kí lorúkọ ohun tí à ń wá. Ó ní, "Ohùn ọkọ mi." Akọ̀wé wò mí. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá ṣe?

A rí ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́. Mo dì í mú títí a fi délé, bí ẹni gbé ẹyin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀rọ gbé e mì. Ó kùn yùn-ùn. Ó pọ̀ ọ́. Kì í ṣe èyí.

Mo ju sálúbàtà mọ́ ògiri. Ìjọba ní òun kọ́ ló rán mi níṣẹ́. Mo fa bébà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì ìjà — ó gùn, ó kan ìyá ẹ̀. Kí n tó kọ ọ́ tán, ó ti kẹ̀yìn sí mi, ó ń ká aṣọ. Ẹni tí kò lóhùn, bí wọ́n bá ti kẹ̀yìn sí i, ìjà ti tán nìyẹn. Mo ya bébà náà. Kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ọjọ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí nìyí.

Gbogbo Àìkú ni àbúrò mi máa ń bá Màámi pe fóònù mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ojú wọn ti fọ́. Ohùn mi nìkan ni wọ́n fi ń rí mi. Màámi kò mọ̀ pé wọ́n là mí. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló pa Bàámi, níṣojú wọn. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti kàn mí, àyà wọn á já. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ látìgbà náà: ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ara mi le, iṣẹ́ ń lọ.

Fóònù dún, Ìjọba gbé e. Ó ní mo rìnrìn àjò lọ kọ́ àwọn kan ní ọkọ̀ wíwà lọ́nà jíjìn. Màámi ní, "Wọn kì í pe fóònù níbẹ̀ ni?" Ìjọba ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́ mímí wọn. N kò lè wúkọ́ pàápàá. Ikọ́ mi ti yàtọ̀, Fèrèsé ló ń gbà.

Irọ́ kì í dá wá. Ó máa ń kó àbúrò dání.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Iná lọ. Ẹ̀rọ kú. Mo dúró níwájú ẹ̀, mo la ẹnu, igbe kò jáde.

Iná dé. Ẹ̀rọ jí. Sídíì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Dókítà Ẹ̀rọ ní ó ku ọgbọ́n kan. Ó tú ìdí ẹ̀rọ, ó yọ háàdì jáde, irin pẹlẹbẹ kan tó ń tọ́jú gbogbo nǹkan. Ó ní òun á lọ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì ní ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá tíì bàjẹ́, òun á kó àwọn ọ̀rọ̀ mi jáde, ká tó fọ̀ ọ́. Bó bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Ó fi àkísà wé e, ó jù ú sápò àyà, ó gun alùpùpù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ohùn mi tó ń yà sọ́tùn-ún láìtan iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Dókítà Ẹ̀rọ kò gbé fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Màámi kò kí Ìjọba lónìí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìyàwó mi, bí ọmọ mi bá ti kú, sọ fún mi. N kò ní kígbe."

Ìjọba gbé fóònù lé orí tábìlì bí ohun tó gbóná, ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo tẹ̀lé e. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: SỌ FÚN WỌN. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ. Ẹ̀yin lẹ tì wá sínú irọ́ yìí. Ó ti rẹ̀ mí." Òótọ́ ni. Kí a tó padà, fóònù ti já.

Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi pè. Ó ní Màámi ń kó aṣọ. Wọ́n ní bí kò bá mú àwọn wá, àwọn á fẹsẹ̀ rìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó wà níbẹ̀! Ó wà níbẹ̀ pátá!

Dókítà Ẹ̀rọ gbé e dé lọ́sàn-án. Háàdì kò bàjẹ́. Ó ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ mi sórí fúláàṣì, ó fọ inú ẹ̀rọ, ó gbé ètò tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò bèèrè sídíì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ padà sáyè wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ dán an wò." Mo tẹ̀ ẹ́: *Ẹ ṣeun gan-an.* Ohùn mi kún yàrá. Ìjọba fi orí ti férémù ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Mo tẹ̀ ẹ́: *Bíréèkì! Bíréèkì!* Ẹkún di ẹ̀rín.

Ọ̀la ni Màámi ń bọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀: mo ti ìrìn àjò dé, òtútù ló mú mi lọ́fun díẹ̀. Ìjọba kà á láti ẹ̀yìn mi. Ó lọ tẹ́ ibùsùn fún Màámi.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Àbúrò mi dì wọ́n lọ́wọ́ mú wọlé. Wọ́n ti kéré sí i. Mo ti we aṣọ mọ́ ọrùn, ẹ̀rọ wà lórí itan mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo tẹ̀ ẹ́. *Màámi, ẹ kú àbọ̀.* Ó jáde ketekete.

Wọ́n ní, "Pa nǹkan yẹn."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì.

Wọ́n ní, "Ta lo rò pé ó bí ẹ? Ọjọ́ tí nǹkan yẹn ti kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tó fi ń pè mí. Ọmọ tèmi, bí ebi bá ń pa á, bó ṣe ń pe Màámi yàtọ̀. Bó bá ti ba nǹkan jẹ́, ó yàtọ̀. Bó bá fẹ́ tọrọ nǹkan, á fà á bí okùn. Tìyẹn kì í mí. Kì í mí rárá."

Àbúrò mi ní ṣé wọ́n mọ̀ tí wọn ò sọ. Wọ́n ní, "Ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀. Mo wá ń bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ náà tún dákẹ́, mo ní ó ti tán."

Wọ́n na ọwọ́. Wọ́n wá orí mi rí, iwájú orí, imú, àgbọ̀n. Wọ́n tú aṣọ ọrùn. N kò dí wọn lọ́wọ́. Ìka wọn dé etí Fèrèsé, kò kúrò. Mímí mi ń fẹ́ sí i.

"Ó gbóná," wọ́n ní. "Ọrùn bàbá ẹ ti tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án."

Ìjọba ń sunkún. Wọ́n ní kó dákẹ́, àwọn ń gbọ́ nǹkan.

"Pè mí."

Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ. Wọ́n gbá ọwọ́ mi lulẹ̀. Wọ́n ní èmi ni àwọn ń bá wí. Wọ́n gbé ìka lé ètè mi.

Mo pè wọ́n. Kò sí ohùn níbẹ̀. Ètè lásán, àti afẹ́fẹ́. Mo tún pè wọ́n, mo fà á gùn bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

"Oo," wọ́n dá mi lóhùn.