Reino Kallunki, Ẹni Tó Tún Ìlà Àwọn Adènà Duluth Tò (1943–2021)

Ní ìlú Calumet, lókè pátápátá ní àríwá Michigan, ni wọ́n bí Reino Kallunki sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 1943. Eino Kallunki, ọmọ ilẹ̀ Finland tó wa kùsà bàbà títí ẹ̀dọ̀fóró fi dá a dúró, ni bàbá wọn. Hilja, tó ń dáná fún àwọn awakùsà, ni ìyá wọn. Ìdílé Kallunki kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wo iṣẹ́ yín tó ní "kò burú," ẹ yáa ṣọpẹ́, ìyìn ńlá ni wọ́n fún yín yẹn.

Calumet náà ni olóògbé ti kàwé kí wọ́n tó wọ yunifásítì ní Marquette lọ́dún 1961. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ipò adènà sì ni wọ́n fi wọ́n sí. Àwọn adènà márùn-ún ló máa ń tò síwájú ajubọ́ọ̀lù, kí àwọn ọ̀tá má bàa ráyè wó o mọ́lẹ̀. Wọn kì í mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n lórúkọ. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣì í ṣe, gbogbo ìlú ló máa mọ ilé ìyá rẹ̀. Ó bá olóògbé lára mu gan-an.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1967, wọ́n gbé Arlene Vukelich níyàwó, tíṣà tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Arlene ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọlọ́run fi Marcy àti Dale ta wọ́n lọ́rẹ.

Lọ́dún 1979, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Awakùsà Duluth gba olóògbé gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì àwọn adènà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá àṣà kan sílẹ̀: ní gbogbo Thursday, àwọn adènà márààrún á wá sílé Kallunki, wọ́n á jókòó nínú ilé ìwẹ̀ olóoru títí ara wọn á fi pọ́n, wọ́n á wá jẹ páì ẹran àti ọ̀dùnkún tí Arlene bá sè. Ọdún 1983 ni Wendell Stahura kọ́kọ́ jókòó sí tábìlì yẹn. Ọmọ Ohio ni, kò ní bàbá mọ́, ìkángun òsì ló sì ń dúró, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn ajubọ́ọ̀lù. Dale ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ohun tó wu olóògbé jù lọ láyé, láti ọdún 1995 títí wọ́n fi kú, ni kí Wendell padà wá jókòó sí tábìlì yẹn.

Báyìí ló ṣe lọ. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, àwọn adènà Duluth ti gbó. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọ̀tá ń wó Curtis Malveaux, ajubọ́ọ̀lù wa, bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Pruitt tó ń darí ẹgbẹ́ wá pe olóògbé. "Reino, tú u ká, kó o tún un tò. Gbogbo ẹ̀ o!"

Wọ́n tún un tò lóòótọ́. Ní oṣù Kẹta, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn wọn ti parí lómìnira láti lọ síbi tó bá wù wọ́n, wọ́n mú àgbà méjì wá, ọ̀kan sí àárín gan-an, ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọ̀dọ́ láti yunifásítì, wọ́n yan méjì. Kyle Ostrander, òmìrán ọmọ àgbẹ̀ láti Iowa, ni àkọ́kọ́. Ìkángun òsì nìkan ló lè dúró.

Ó wá ku Wendell. Pruitt ní kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Arlene náà sọ ọ́ lórí oúnjẹ àárọ̀.

"Reino, ọmọ yẹn ti ń dàgbà o. Jẹ́ kó lọ pẹ̀lú iyì."

"Mo máa gbé e lọ sí ọ̀tún."

"Ṣé torí ẹgbẹ́ ni, àbí torí tìẹ?"

Olóògbé fa ife wọn mọ́ra. Wọ́n bu kọfí sí i.

Àwa tá a mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àṣìṣe àwọn kóòṣì adènà gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá dúró ní òsì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Tí wọ́n bá gbé e lọ sí ọ̀tún, gbogbo ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí padà, ara tó sì ti mọ ọ̀nà kan fún ọdún méjìlá kì í tètè gbà.

"Kóòṣì," Wendell sọ fún wọn níbi ìgbaradì, "ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé."

"Ó máa mọ́ ẹ lára."

"Tí ò bá mọ́ mi lára ńkọ́?"

"Wendell, mo ní ó máa mọ́ ẹ lára."

Ó mọ́ ọn lára títí di oṣù Kọkànlá. Lọ́jọ́ Sunday kan, tí yìnyín ń bọ́, ó rẹ Wendell, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì fà sẹ́yìn bíi ti àtijọ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀tá gba ibẹ̀ kọjá, ó sì já lu orúnkún Curtis. Curtis ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí di òní.

Àwọn oníròyìn rọ́ lọ bá Wendell. Olóògbé bọ́ sáàárín wọn. "Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ bi!" Àmọ́ Wendell ti wọlé lọ, kò gbọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú àpótí lẹ́tà ilé Kallunki, ó sì kó padà sí Ohio. Olóògbé tẹ̀ ẹ́ láago títí, kò gbé e. Wọ́n wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rán ìyá rẹ̀ jáde pé òun ò sí nílé. Ìgbà yẹn nìkan ni Marcy rí bàbá rẹ̀ tó sunkún. Ìlà tí wọ́n tò yẹn wá di èyí tó le jù lọ nínú ìdíje. Àwọn èèyàn ń kí wọn kú oríire, àmọ́ ńṣe ló ń dùn wọ́n dé egungun.

Olóògbé fẹ̀yìn tì ní 2004. Wọ́n jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Lútérì, wọ́n sì ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà àwọn opó àdúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Láti 2017 ni iyè wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé ni Arlene ìyàwó wọn, Marcy àti Dale ọmọ wọn, àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn: Annika, Joel àti Tess.

Ó ku ohun kan tí ẹbí fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, Marcy pe Wendell láago, ó sì wá. Orí rẹ̀ ti funfun, irin ni wọ́n fi ṣe orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Olóògbé ò dá a mọ̀. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀ lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, ibo lo ti wá?"

"Ohio, Kóòṣì."

"Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí adènà, ká wò ẹ́."

Wendell di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn. Olóògbé wò ó pẹ́. Wọ́n wá yíjú sí ìyàwó wọn.

"Arlene, sọ fún Pruitt pé mo ti rí ẹni tó máa dúró ní òsì. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀ o. Tí wọ́n bá gbé e kúrò, ẹjọ́ wọn ni, kì í ṣe ẹjọ́ tiẹ̀."

Wendell ò lè dìde. Dale àti Marcy ló gbé e sókè, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n. Arlene mú un lọ sí tábìlì, ó gbé páì síwájú rẹ̀, Wendell sì jẹ ẹ́ tomijétomijé.

Kóòṣì, ọkọ Arlene, bàbá àwọn tẹ́ ẹ bí àti ẹni tẹ́ ò bí, ẹ máa lọ lálàáfíà. Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn ìtura fún yín. Ẹ sùn re o.