Lẹ́tà Lincoln Tí Mo Gbé Kọ́ Síwájú Fèrèsé

Verna, àbúrò mi,

Ara mi le bí irin. Oòrùn Arizona ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọn ikọ́ yẹn tán láyà mi.

O ní ilé ìkàwé ìlú wa ti kun ògiri tí wọn yóò gbé lẹ́tà mi kọ́ sí, orúkọ mi sì ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tọ́ sí mi. Èmi tí n kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹta, èmi ni mo ni lẹ́tà tí Lincoln, Ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Pruitt tó tà á fún mi ní, “Baba Orville, inú òkùnkùn ni kẹ́ ẹ fi í sí o. Oòrùn a máa jẹ tàdáwà.”

Mo ní, “Ta ló ń ra ẹṣin kó wá tì í mọ́ inú àpótí?”

Mo gbé e kọ́ síwájú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àdúgbò fi ń kan sáárá sí mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Delbert tó ń pín lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ wo lẹ́tà Lincoln náà. “Baba, ibo ló fọwọ́ sí?”

Mo nàka sí i.

“Baba, pépà lásán lẹ ń fi hàn mí yìí.”

Mo ní kó lọ wo ojú rẹ̀. Èmi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dojú lẹ́tà náà kọ ògiri, kó lè sinmi díẹ̀. Verna, ẹnu mi ni kò jẹ́ kí etí mi gbọ́ràn.

Bá mi kí Clement ọkọ rẹ. Kí àwọn ará ilé ìkàwé náà, kí o sì ní kí wọ́n má tíì kan ìṣó mọ́ ògiri yẹn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Orville