Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Nínú Aṣọ Onírin

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Lẹ́tà àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n dé lónìí. Wọ́n mú wa. Onírin kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tì í bọ àpò, ó padà sábẹ́ mọ́tò. Èmi ni mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, kí n má baà gbàgbé ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀. Onírin ni ìyàwó mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn kan láti ìta, tí wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́fà, ló ti ń tún mọ́tò olóògbé bàbá rẹ̀ ṣe nínú gáréèjì wa. Mọ́tò náà dàgbà ju ìgbéyàwó wa lọ. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé, ìpáàrà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ débi pé èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Kò sí mẹkáníìkì kankan tó bá a fọwọ́ kàn án.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ni ní iṣẹ́ mọ́tò. Ó kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì: a kò rí ẹ̀rí iṣẹ́ yín. Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀wé sí ètò yìí, níbi tí wọ́n ti ń sọ ògbólógbòó mọ́tò di ọ̀tun nílé onímọ́tò. Kí wọ́n lè rí i. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní tèmi, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ìbí àti ikú àwọn èèyàn ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí wọ́n bá gbé púlọ́ọ̀gì àti nọ́ọ̀tì síwájú mi, màá kí àwọn méjèèjì bákan náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Obìnrin kan pè láti ọ́fíìsì wọn. Oníwèé ni n ó máa pè é — gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń kà látinú ìwé. Ó béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Onírin ní ó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹwàá. Oníwèé ní ìyẹn ò dáa tó. Kí ó tú u palẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan tún ṣe lójú kámẹ́rà.

Ó tú u. Ọjọ́ kan gbáko. N kò gbọ́ kí ó pòṣé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Èèyàn mẹ́sàn-án, kámẹ́rà mẹ́ta, iná ńlá méjì tó sọ gáréèjì di ààrò. "Ọjọ́ méje" tí wọ́n máa ń pariwo lórí ètò yẹn, ọjọ́ méjì ni. Wọ́n ní kí a kó aṣọ méje sílẹ̀, kí a máa pààrọ̀.

Atọ́kùn ètò — Ẹlẹ́rìn-ín — ní ẹ̀rín kan tó ń tàn nígbà tí kámẹ́rà bá tàn, tó sì ń kú nígbà tí wọ́n bá pa á. Ó ní kí Onírin ṣàlàyé bó ṣe yọ ìpáàrà. Onírin ní, "Mo ha á. Mo jó irin tuntun mọ́ ọn." Ó parí. Wọ́n ní kí ó fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú díẹ̀. Ó ronú, ó ní, "Mo ha á dáadáa."

Ẹlẹ́rìn-ín wá kọjú sí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìpáàrà nídìí oúnjẹ. Mo sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsinmi. Inú gbogbo wọn dùn. Oníwèé ní ohùn mi bá kámẹ́rà mu. Ó ní kí n wọ aṣọ iṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yìí. Onírin bọ́ ọ, ó nà án sí mi.

"Ó yẹ ọ́," ló wí.

Mo sọ fún Oníwèé pé ìyàwó mi ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó ní òun mọ̀, wọ́n á sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìparí. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Obìnrin tó ń kun àtíkè fún Ẹlẹ́rìn-ín fi gírísì pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sún sẹ́yìn, ó wò mí, ó tún fi díẹ̀ kún un.

"Bàbá, ẹ sọ fún wa, kí lẹ ń pe eléyìí?" Kábúrétọ̀. Ẹ tún un ṣe. Kábúrétọ̀. Ìgbà mẹ́jọ. Ní ìgbà kẹjọ, èmi gan-an gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Lókè ẹ́ńjìnnì, mo ń ṣe bí ẹni ń so nǹkan. Lábẹ́ mọ́tò, Onírin ń so ó ní tòótọ́. Kámẹ́rà kò dé ibi tó wà.

Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lórí mọ́tò tí wọ́n ti kùn, wọ́n ní kí n sunkún díẹ̀. Kò wá. Wọ́n fi nǹkan kan sí mi nídìí ojú, omi bọ́.

N kò ní parọ́ fún ìwé yìí: ó dùn mọ́ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń yọjú sí gáréèjì yẹn bí àlejò, tí n óò béèrè bóyá ó ti jẹun, tí n óò sì jáde.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Gbogbo ara ń ro mí bí ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n gbé ètò náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo wo aago, àṣà iṣẹ́ ni. Mo sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Onírin hàn fún ogójì ìṣẹ́jú àáyá: ó ń mú ife omi bọ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró.

Ọ̀rọ̀ ìparí tí Oníwèé ṣèlérí nìyí: ọkọ tí kò jẹ́ kí ìrántí àna rẹ̀ kú, àti ìyàwó tó fi sùúrù dúró tì í.

Onírin wò ó dópin. Ó ní, "Omi yẹn, èmi ni mo fẹ́ mu ún." Ó wọlé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Fóònù láti àárọ̀. Ọmọbìnrin wa kọ́kọ́ pè: "Dádì, kí lẹ ṣe yẹn?" Mo ní wọ́n gé ọ̀rọ̀ mi. Ó ní wọn ò gé aṣọ ọrùn yín. Ó ní kí n fún màmá òun ní fóònù. Onírin ní kí n sọ pé òun ń wẹ̀. Kò wẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá. Mo ní èmi kọ́ o, ìyàwó mi ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bí ọkọ ṣe ń pọ́n aya lé! Ẹ bá mi kọ́ ọkọ tèmi náà." Onírin tún ẹ̀rọ náà ṣe. Télọ̀ dúpẹ́ títí — lọ́wọ́ mi.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. N kò mọ̀ pé ẹni tó gbé òtítọ́ lọ sọ́jà lè gba ẹ̀bùn bọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Olórí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pè. Èmi ló ń wá. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí àwọn ti ń wá irú mi. Mo ní obìnrin tó kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mejì, òun gan-an lẹ ń wá. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ àpárá tó dáa. Kí n wá lọ́jọ́ Ajé.

N kò sọ fún Onírin. Mo fẹ́ tún un ṣe níbẹ̀ ná.

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ: ọdún mẹ́fà, gbogbo ìwọ̀n, gbogbo àwòrán, ọjọ́ tó tú u àti ọjọ́ tó dè é. Mo tẹ́ ẹ síwájú olórí àti àwọn méjì mìíràn. Mo sọ ọ́ kedere, bí mo ṣe máa ń jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ láyé ọ́fíìsì. Iṣẹ́ ìyàwó mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Èmi kò mọ nǹkan kan.

Olórí ṣí i wò ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ tàn. Mo rò pé ó ti yé e.

"Ìyàwó yín mọ ìwé kọ o," ló wí. "Bí ẹ bá ti ń pè é, ó ń kọ ọ́?"

Mo ní rárá. Mo sọ rárá nígbà méje. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù ní àwọn tó mọṣẹ́ jù ni kì í gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n mú mi yí ká gbọ̀ngàn iṣẹ́. Mo fọwọ́ kan àwọn nǹkan. Orí fọ́ mi dé ilé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo sọ fún un. Ó ń fi kẹrosín fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé.

"O mú ìwé mi lọ."

Mo ní mo rò pé—

"O ò bi mí."

Ó nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí o ṣe ń sọ ọ́ tó ni wọ́n ń yìn ọ́ tó. Tí o bá dákẹ́, bóyá díẹ̀ á ṣẹ́ kù fún mi."

Mo ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Ó wò mí. Ó ní ẹnu mi dùn-ún ròfọ́, ẹnu náà ló sì gbé wa débí.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Ó jáde láàárọ̀, ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́. N kò béèrè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń jáde tẹ̀léra. Mo kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé n kò lè gba iṣẹ́ náà, n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n fèsì kí ilẹ̀ tó ṣú: àwọn yóò dúró dè mí.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bí a ṣe ń jẹun ló sọ ọ́, bí ẹni sọ pé iyọ̀ ti tán. Ó ti gba iṣẹ́ ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ìlú ṣe. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje, ló kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan dúró níwájú ọgbà, ó kọ̀ kò dáhùn. Ó ní kí ọ̀gá wọn yá òun ní sípánà. Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n ń rán sí bọ́ọ̀sì tó bá kú sójú ọ̀nà.

Mo ní mo bá a yọ̀. Mo bá a yọ̀ lóòótọ́. Mo bi í bóyá ó sọ fún wọn nípa mọ́tò bàbá rẹ̀.

"Rárá. Tí mo bá dárúkọ mọ́tò yẹn, ìwọ ni wọ́n máa rí."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lápò, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ àwo mi. "Mọ́tò rẹ rèé. Gbogbo ayé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọdún mẹ́fà. N kò lè jẹ oúnjẹ náà tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Láàárọ̀ yìí mo wa mọ́tò náà jáde. Mo ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n, kí Oníwèé lè tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kí ó fi orúkọ Onírin sí i. N kò dé ibẹ̀. Ní oríta ńlá, mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

Bọ́ọ̀sì kan wà lẹ́yìn mi, kò rọ́nà kọjá. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti bú mi. Ó rí ojú mi. "Háà, bàbá tẹlifíṣọ̀n!" Àwọn èrò rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ká ọwọ́ sáyà, wọ́n ń dúró kí n tún un ṣe. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo wo inú rẹ̀. Ó wò mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ ọ́n." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti na fóònù sókè, ó ń ya mí.

Awakọ̀ ti pe ọgbà wọn ní tirẹ̀, nítorí ọ̀nà tó dí. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé, Onírin ló sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ tuntun, orúkọ rẹ̀ láyà. Ẹnì kan ní, "Ìyàwó ẹ̀ nìyẹn, èyí tó ń gbé omi." Kò kí mi. Ó ki orí bọ inú ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́, ó yọ nǹkan kan, ó mú òmíràn láti inú àpò, ó fi sí i. Mọ́tò dáhùn.

Awakọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ọkọ bí ọkọ! Ẹ ò rí i bó ṣe kọ́ ìyàwó ẹ̀ níṣẹ́?"

Onírin nà ró. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó na ọwọ́ sí wọn, irin kékeré kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò tó èékánná ọmọdé, orí rẹ̀ ti jó dúdú.

"Ẹ bi í pé kí nìyí."

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá yìí ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jù.

"Ẹ tún un bi."

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ jàre, a ti ń pẹ́."

Mo tẹjú mọ́ irin náà. Mo wá orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ibi tí mo mọ̀. Kábúrétọ̀ nìkan ló ń wá, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun. Òógùn bọ́ sí mi lójú. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò rí i rí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Èèyàn lè díbọ́n pé òun ní ìrẹ̀lẹ̀. Ìtìjú kò ṣeé díbọ́n. Mo rí i bó ṣe ń yé wọn, lójú kan, lójú kejì. Awakọ̀ gbé ojú kúrò lára mi bí ẹni tí kò fẹ́ rí ìhòòhò àgbàlagbà, ó yí sí Onírin.

"Kí wá ni, màmá?"

Ó sọ ọ́ fún wọn. Kọ́ńtáàtì ni. Òun ló ń ṣí tó ń pa dé kí iná lè ta dé púlọ́ọ̀gì. Ó sọ bó ṣe ń jó, ìdí tó fi ń jó, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ nínú ohùn ẹ́ńjìnnì kí ó tó kú. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn. Ẹnì kan béèrè nǹkan, ó dáhùn, ẹlòmíràn béèrè. Mo bọ́ sẹ́yìn fún wọn.

Lẹ́yìn náà ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó ní kí n máa wà á tẹ̀ lé òun bọ̀, kí n má sáré. Mo tẹ̀ lé e dé ọgbà wọn. Ọ̀gá wọn jáde, ó yí mọ́tò náà po, ó bi í pé ta ló ni í. Onírin ní òun ni, òun ló tún un ṣe.

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó gbà á, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Mo fẹsẹ̀ rìn wálé.