Ọkọ̀ Pupa Tí Bàbá Fẹ́ẹ́ Rà

Sátidé, 8 Oṣù Kejìlá, 1962

Ọpẹ́ o! Owó ilé ìwé mi kò bá ọkọ̀ lọ.

Ọkùnrin kan ló wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pupa, asáré, oníjókòó méjì, wá sí Odigbo láàárọ̀. Ó ń dán débi pé ewúrẹ́ wa bá òjìji ara rẹ̀ jà níbẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn ló pè é.

"Bàbá, ẹ wo aago máìlì! Ẹgbẹ̀ẹ́dógún máìlì péré ló rìn," ni ọkùnrin náà wí.

Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Gbogbo owó kòkó wa nìyẹn!

Bẹ́ẹ̀ Bàbá fúnra wọn ló kọ́ mi pé a kì í fi ojú òkè àpò díyelé kòkó, ọwọ́ là ń tì bọ ìsàlẹ̀. Mo bá yọ́ wọ inú ọkọ̀, mo wo ibi ẹsẹ̀. Rọ́bà orí bíréèkì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ti jẹ dé irin! Ẹgbẹ̀ẹ́dógún máìlì kò lè jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wo ìsàlẹ̀ àpò o!"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó. "Arákùnrin, ṣé ẹsẹ̀ erin lo fi ń tẹ̀ ẹ́ ni? Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, kò gbọdọ̀ lé."

Ọkùnrin náà bínú lọ.

Mo ṣáà ti sọ fáwọn ọmọ àdúgbò pé mo wà á dé Ore kí n tó kọ̀ ọ́.