Ọ̀rọ̀ Méjìlá Tí Mo Fi Ṣe Àpèkọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú làákàyè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò.

Ọmọbìnrin mi tó ń ránṣọ fi owó ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ rà ra bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá sínú ìwé fún mi: "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Owó yìí ò ní báńkì, kò ní máníjà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí ló lowó."

Owó tí kò nílé, tí kò ní bàbá! Mo rẹ́rìn-ín, mo ki ìwé bọ inú Bíbélì. Lọ́jọ́ tí n kò rí nǹkan fi ṣe àpèkọ fáwọn ọmọ mẹ́sàn-án tí mò ń kọ́ nílé, mo pe ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn fún wọn.

Lánàá, bàbá ọ̀kan nínú wọn, tó ń tún fóònù ṣe, mú ìwé ọmọ ẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, kọ́kọ́rọ́ owó ta lẹ fi ṣe àpèkọ yìí? Kó tètè kówó ẹ̀ síbòmíì o!"

Ọmọ mi pè. "Bàbá, ìwé yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà nínú Bíbélì." Mo gé ìpè náà, mo jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ní kọ́mọ ọlọ́mọ jẹ́wọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni bàbá ṣe ń jẹ́wọ́ fọ́mọ? Ètò yín lọmọ mi máa ń gbọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tẹ́ ẹ bá ka dé Bíbélì, á ti mọ̀ pé èmi ni. Ọmọ mi, kọ́kọ́ kówó ẹ síbòmíì ná, kó o tó bínú sí mi.